Olùkọ́ Èdè Jámánì Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Bí A Ṣe Ń Mọ Èyí Tó Dáńtọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan àwọn tó ń kọ́ èdè Jámánì, pàápàá àwọn tó fẹ́ kọ́ ọ lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, lọ́dọ̀ olùkọ́ tí wọn ò ní fojú kàn ní kíláàsì.

Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ń pọ̀ sí i láàárín wa, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin. Nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ní Jámánì, lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n á ní kó gbọ́ èdè náà dé ìpele tí wọ́n ń pè ní B2 kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, èyí tí àwọn ń pè ní Ausbildung, B1 ni wọ́n sábà máa ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó tó sì fẹ́ lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Berlin tàbí Hamburg, tàbí ọkọ tó fẹ́ lọ bá ìyàwó, láti ọdún 2007 ni òfin wọn ti ní kí ọ̀pọ̀ nínú irú wọn kọ́kọ́ yege ní A1 kí wọ́n tó gba físà. Àlá ìdílé ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe fàájì. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dùn mí tí mo bá rí ẹni tó ná owó tó fi làágùn wá sọ́dọ̀ olùkọ́ tí kò kọ́ ọ ní nǹkan kan.

Fún ẹni tí àwọn lẹ́tà yìí bá rú lójú, òṣùwọ̀n ni wọ́n. Àjọ Council of Europe ló gbé e jáde lọ́dún 2001. A1 ni ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, C2 ni ti ẹni tí èdè náà ti wọ̀ lára pátápátá. Ilé ẹ̀kọ́ Goethe-Institut ti wà l'Ékòó láti ọdún 1962, wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀, wọ́n sì ń ṣe ìdánwò. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Adó-Èkìtì kò lè máa lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Bí orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe di ọ̀nà àbáyọ nìyẹn. Èèyàn á ṣí fóònù, á rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún olùkọ́ lórí italki, lórí Preply, lórí Facebook, nínú àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp. Gbogbo wọn ló ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò, gbogbo wọn ló ní àwọn mọ̀ ọ́n kọ́. Ta ni ká wá mú nínú wọn?

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Ẹ má fi bí olùkọ́ ṣe ń sọ Jámánì mú un. Bí ẹnu tiyín ṣe ń là lọ́dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wò.

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé ọmọ Jámánì gan-an ló yẹ kó kọ́ni ní Jámánì. Ó jọ òótọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ ká gbé e wá sílé. Ká ní òyìnbó kan wá bá yín, ó ní òun ń kọ́ Yorùbá, ó wá béèrè pé: kí ló dé tí ẹ fi ń sọ pé "mo lọ," tó bá wá di pé ẹ ò lọ, ẹ ó ní "n kò lọ," ẹ kì í sọ pé "mo kò lọ"? Mélòó nínú wa ló lè dá a lóhùn? A ó ní bí a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Láti kékeré ló ti wà lẹ́nu wa, kò sẹ́ni tó bi wá léèrè ìdí rẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọmọ Jámánì tí kò kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Bí ẹ bá bi í pé kí ló dé tí tábìlì fi jẹ́ der, tí fìtílà jẹ́ die, tí ìwé jẹ́ das, á ní bẹ́ẹ̀ ló rí, kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà á jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó bá parí sí -heit, die ni, pé èyí tó bá parí sí -ung fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ die nígbà gbogbo, pé èyí tí wọ́n fi -chen sọ di kékeré, das ni. Ìyókù, á ní kí ẹ há a sórí tòun ti der, die tàbí das rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, kó tó di pé ẹ ní ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ lórí tí ẹ ò mọ èyí tó jẹ́ ti èwo.

Mi ò sọ pé kí ẹ sá fún ọmọ Jámánì. Nígbà tí ẹ bá dé B2, etí yín nílò ohùn wọn, nílò eré tí wọ́n ń sá nínú ọ̀rọ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni aláìsàn tí ẹ fẹ́ lọ tọ́jú ṣe máa sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n fún ìbẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n yàn, ọmọ Yorùbá tó ti kọ́ Jámánì dé C1, tó sì mọ iṣẹ́ olùkọ́, ni màá yàn. Àgbà tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ó mọ̀ pé èdè wa kò ní ìró z, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà s tó bá ṣáájú fáwẹ̀lì nínú Jámánì, z ni wọ́n sábà máa ń pè é, tí lẹ́tà z tiwọn sì ń dún bíi t àti s tí a pè pọ̀. Ó mọ̀ pé Yorùbá kì í to kọ́ńsónáǹtì jọ gègèrè, pé bí a bá rí ọ̀rọ̀ bíi Herbst tàbí Strumpf, ahọ́n wa á fẹ́ wá fáwẹ̀lì kan fi há a láàárín. Kò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní kí ẹ pè é díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i, títí fáwẹ̀lì yẹn á fi kúrò.

Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ tún mọ ibi tí a ti ní àǹfààní ju àwọn ẹlòmíràn lọ, àwọn èèyàn kì í sì í sábà sọ èyí fún wa. Àwọn Jámánì máa ń dárúkọ ẹyọ ṣáájú ogún. Einundzwanzig ni 21 lọ́dọ̀ wọn, ẹyọ kan àti ogún. Ó máa ń da àwọn tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n gbọ́ láàmú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń ka mọ́kànlélógún, méjìlélógún láti kékeré, kí ló fẹ́ dà á láàmú níbẹ̀? Bákan náà ni du àti Sie. Ẹni tí wọ́n ti kọ́ nílé pé a kì í fi "ìwọ" pe àgbà, kò ní pẹ́ tí yóò fi mọ bí wọ́n ṣe ń lo Sie. Kìkì ohun tó kù kó mọ̀ ni pé ẹni tí wọn ò bá mọ̀ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ ojúgbà wọn, Sie náà ni wọ́n máa ń pè é.

Ẹ jẹ́ ká wá wọ inú kíláàsì àkọ́kọ́, èyí tí a fi ń wo olùkọ́ bóyá á bá wa lára mu. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe é, ó lè má ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ká ní ẹ ti kọ́ díẹ̀ tẹ́lẹ̀, olùkọ́ wá bi yín pé kí ló dé tí ẹ ò lọ síbi iṣẹ́ lánàá. Ẹ fẹ́ sọ pé ara yín ò yá. Ẹ wá dáhùn pé: "Ich war nicht da, weil ich war krank." Àṣìṣe ti wọ ibẹ̀. Lẹ́yìn weil, ọ̀rọ̀-ìṣe gbọ́dọ̀ lọ dúró sí ìparí: weil ich krank war.

Olùkọ́ kan á jẹ́ kó kọjá. Á rẹ́rìn-ín, á ní "sehr gut," inú yín á dùn, ẹ ó sì máa gbé àṣìṣe náà lọ títí ẹ ó fi gbé e dé iwájú àwọn tó ń ṣe ìdánwò. Olùkọ́ kejì á já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ yín lẹ́nu, á fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣàlàyé òfin weil, á ko gbogbo gírámà jọ síwájú yín, ẹ̀yin á sì máa mi orí. Bí kíláàsì bá parí, ẹ ó ní ọkùnrin yìí mọ̀wé. Òótọ́ ni, ó mọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹnu tiyín ò tíì kúrò níbi tó wà.

Olùkọ́ kẹta á jẹ́ kí ẹ sọ gbólóhùn yín parí. Á wá ní: "weil ich...?" Á sì dákẹ́. Ó ń dúró dè yín. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn lè ni yín lára, ẹ lè fẹ́ kó tètè sọ ọ́ fún yín. Kò ní sọ ọ́. Ẹ ó ronú, ẹ ó ní: "weil ich krank... war?" Á ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò ní fi mọ síbẹ̀. Á bi yín ní ìbéèrè mìíràn tí weil á tún wọ inú ìdáhùn rẹ̀, kí ló dé tí ẹ fi ń kọ́ Jámánì, kí ló dé tí ẹ fi yan iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, títí ẹnu yín á fi mọ ọ̀nà ibẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ń ronú. Kí ẹ tó kúrò, á tẹ gbólóhùn náà ránṣẹ́ sí yín. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, á tún yọ́ ọ jù sáàárín ọ̀rọ̀ láti wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni yìí bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹni tí kò mọ nǹkan kan rárá náà lè fi ojú yìí wo olùkọ́. Tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá pé, ó yẹ kí ẹ ti lè sọ orúkọ yín, ibi tí ẹ ń gbé àti iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe ní Jámánì, kó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ń kálòlò. Tó bá jẹ́ pé olùkọ́ ló sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgbọ̀n, ẹ wulẹ̀ sanwó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni.

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bi olùkọ́ èyíkéyìí tó bá ní òun á múra yín sílẹ̀ fún ìdánwò. Ẹ ní kó sọ fún yín ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ìdánwò náà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ní A1 ti Goethe, nínú apá ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ ó fi ara yín hàn, wọ́n lè ní kí ẹ pe orúkọ yín ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ka nọ́ńbà kan bíi ti fóònù. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ń jẹ́ Ayọ̀wọlé gbọ́dọ̀ mọ̀ pé Ypsilon ni wọ́n ń pe lẹ́tà y, pé w tiwọn sì ń dún bíi v àwọn òyìnbó. Ní ti B2, apá mẹ́rin ni: kíkà, gbígbọ́, kíkọ àti sísọ. Àmì 100 ni apá kọ̀ọ̀kan, 60 ni wọ́n fi ń yege, èèyàn sì lè ṣe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó yege mẹ́ta, tí kíkọ wá já a, kíkọ nìkan ló máa tún ṣe. Olùkọ́ tí kò mọ èyí lè mú yín padà sí ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo nǹkan, kó sì tún gba owó gbogbo rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń fi ìpolówó tan àwọn èèyàn wa jù lọ ni ọ̀rọ̀ àkókò. "B2 láàárín oṣù mẹ́ta!" Ẹ ti rí irú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Goethe-Institut fúnra wọn sọ pé láti òdo títí dé B2, ẹ̀kọ́ tó tó 600 sí 800 ni èèyàn nílò, ìṣẹ́jú 45 sì ni ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú èyí tó kéré jù níbẹ̀, 600. Wákàtí 450 nìyẹn. Oṣù mẹ́ta jẹ́ nǹkan bí 90 ọjọ́. Wákàtí márùn-ún lójoojúmọ́ nìyẹn, láìsí ọjọ́ Àìkú, láìsí ọjọ́ òkú tàbí ọjọ́ ìyàwó, láìsí ọjọ́ tí iná ò ní sí. Ó lè ṣeé ṣe fún ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn láyé. Ṣé nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru nìyẹn?

Ẹ tún wò ó láti apá kejì. Ẹni tó bá ń ṣe wákàtí méjì lọ́sẹ̀ pẹ̀lú olùkọ́, wákàtí 104 ló máa ṣe lọ́dún. Tó bá gbẹ́kẹ̀ lé kíláàsì nìkan, ó máa ju ọdún mẹ́rin lọ kó tó pé 450. Nítorí náà, olùkọ́ tó jẹ́ olóòótọ́ á sọ fún yín pé iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà lọ́wọ́ ẹ̀yin fúnra yín, á sì sọ ohun tí ẹ ó máa ṣe láàárín kíláàsì kan sí èkejì. Á fún yín ní iṣẹ́ àmúrelé, á sì kà á. Á darí yín sí ibi tí ẹ ti lè rí ohun tó dára lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé iṣẹ́ Deutsche Welle, fún àpẹẹrẹ, ní ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Nicos Weg, fíìmù kéékèèké nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Spéènì tí báàgì rẹ̀ sọnù bó ṣe dé Jámánì, tó wá ń wá ilé àǹtí rẹ̀ kiri. Láti A1 dé B1 ló lọ, kò sì sẹ́ni tó ń gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Tí olùkọ́ bá ní kí ẹ wo apá kan nínú rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wá ròyìn rẹ̀ fóun ní Jámánì, owó kíláàsì yẹn ti bọ́ sí ibi tó yẹ, nítorí ọ̀rọ̀ sísọ lẹ ń fi owó rà, kì í ṣe ohun tí ẹ lè dá wò nílé.

Ti àwọn tó ní àwọn á "bá yín ṣe" sátífíkéètì, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Kò sí olùkọ́ tó lè gba sátífíkéètì Goethe fún yín. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa jókòó ní ibùdó ìdánwò, pẹ̀lú páàsípọ́ọ̀tù yín. Ẹni tó bá sọ ohun tó yàtọ̀ sí èyí, gbájúẹ̀ ni. Ẹ pa fóònù mọ́ ọn létí.

Ní ti owó, ẹ má san ti oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà nítorí wọ́n ní àwọn á dín in kù. Ẹ san ti kíláàsì mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ wò ó ná. Tí ẹ bá ń ka ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ nípa olùkọ́ kan, ẹ fi ti àwọn tó kàn ní "ó dáa gan-an" sílẹ̀. Ẹ wá ẹni tó pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, tó sọ ohun tó lè ṣe nísinsìnyí tí kò lè ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ bi olùkọ́ náà ohun tó máa ń ṣe tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dà rú: ṣé ẹ lè pa kámẹ́rà kí ohùn nìkan máa lọ, kí dátà má baà jó tán? Tí iná bá lọ láàárín kíláàsì, ṣé àkókò tó kù ti ṣòfò nìyẹn? Ẹni tó mọ ibi tí a ń gbé á ti ní ìdáhùn sílẹ̀.

Tí olùkọ́ yín bá sì wà ní Jámánì, ẹ fojú sí aago. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹta títí di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹwàá, wọ́n fi wákàtí kan ṣáájú wa. Ní ìyókù ọdún, aago kan náà la jọ ń lò. Kíláàsì tí wọ́n fi sí aago méje alẹ́ níbẹ̀ lè bọ́ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ wa ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì pàdánù rẹ̀ láìmọ̀. Ẹ bá a sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà máa jà sí owó tó ti lọ.

Ẹ tún má bẹ̀rù láti fi olùkọ́ sílẹ̀. Àwa Yorùbá máa ń wojú, pàápàá tí ẹni náà bá jẹ́ àgbà, tó sì ní sùúrù fún wa. A ó máa san owó lọ fún oṣù mẹ́rin nítorí a ò mọ bí a ṣe máa sọ fún un pé kò bá wa lára mu. Tí kíláàsì mẹ́fà bá kọjá tí ohun tí ẹ lè fẹnu ara yín sọ kò sì pọ̀ sí i, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ wá ẹlòmíràn. Kò sí ìwà àìmoore níbẹ̀. Ọjọ́ ìdánwò kì í wojú ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni lọ́sẹ̀ yìí, ẹ lọ sórí ìkànnì Goethe-Institut. Ẹ ó rí ìwé ìdánwò àwòkọ́ṣe níbẹ̀ fún ìpele kọ̀ọ̀kan, ti etí àti ti ojú, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wa èyí tó jẹ́ ti ìpele tí ẹ fẹ́ ṣe jáde. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ ní kíláàsì àkọ́kọ́, ẹ gbé e síwájú rẹ̀, ẹ ní kó mú yín gba ojú ìwé kan ṣoṣo kọjá. Ohun tó bá ṣe ní ìṣẹ́jú yẹn ni kí ẹ fi pinnu.